Kòkúmọ́ Gbé Ṣínáàpù Lọ Sẹ́gbẹ́ Àwọn Tó Jáwọ́ Nínú Ọtí

Bí ẹ bá gbọ́ pé ọkùnrin kan jí ní kùtùkùtù, ó wẹ̀, ó wọ agbádá, ó fi odindi ìgò ṣínáàpù há abíyá, ó ní òun ń lọ sípàdé àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọtí, ẹ má rò pé àlọ́ ni wọ́n ń pa fún yín. Kòkúmọ́ fọkanáísà ni, ará Ìlobì. Orí rẹ̀ pé ṣáṣá. Kò sí ẹ̀kán ọtí kan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí ká ní ó ti mu díẹ̀ ni, à bá mọ ohun tí a ó dì í mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ Yorùbá wo ló ń wọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ òfìfo? Ẹgbẹ́ ọdẹ ni o, ẹgbẹ́ awakọ̀ ni o, títí kan ẹgbẹ́ àwọn fọkanáísà Ìlobì, tó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: ẹni tuntun ní láti gbé ọtí kalẹ̀ kí àwọn àgbà tó fà á wọlé. Bí bàbá Kòkúmọ́ ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Azeezat, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn kékeré Ìlobì, sọ fún un pé ẹgbẹ́ kan wà ní Ìlaròó tí àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ti ń ran ara wọn lọ́wọ́, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni pé, "Kí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun?" Nọ́ọ̀sì ní wọn kì í gba nǹkan kan. Kòkúmọ́ rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọdé ń ṣe nọ́ọ̀sì yìí, kò tíì mọ̀ pé bí àgbà bá ní òun kì í gba nǹkan kan, ẹ̀bùn ńlá ló ń retí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé e débẹ̀. Láti ọdún tí ìjọba ti ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò pa ni iṣẹ́ Kòkúmọ́ ti dákú. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tí táyà wọn máa ń bẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bá a ṣàdéhùn, a kò rí wọn mọ́. Ìrẹsì di ohun à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀, àwọn tó ti fi láfún ṣe yẹ̀yẹ́ rí sì ti padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀, ẹnu ni yóò bá a wáṣẹ́. Kòkúmọ́ ti ń mutí tipẹ́, ṣùgbọ́n ògógóró àárọ̀ tó ń pè ní ìfọyín wá di ti ọ̀sán, ti ọ̀sán sì di ti ìrọ̀lẹ́, títí tí àwọn ará ilé fi ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀.

Ìtìjú tó tóbi jù ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àkọ́kọ́ tí Àrìnpé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bí. Ọtí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìwúre, Kòkúmọ́ ti gbé e mì kí àwọn àgbà tó jókòó. Ó wá ní òun fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ òun. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni gbé e fún òun, ó wọ yàrá, ó gbé ohun tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lórí ibùsùn, ó gbé e jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ó súre, súre. Ó ní ọmọ náà yóò di dókítà. Ó ní imú rẹ̀ jọ ti òun. Ó gbé e sókè kí oníf­ótò yà wọ́n. Ìrọ̀rí ni! Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó gbaná jẹ, ó ní ẹni tó bá pe ọmọ-ọmọ òun ní ìrọ̀rí, ọ̀tá ìdílé ni. Fótò náà ṣì wà lára ògiri nílé àna rẹ̀ ní Ìlaròó, wọ́n sì ń fi han àlejò.

Àrìnpé kò bá a jà lọ́jọ́ náà. Ó sunkún ni, èyí sì burú ju ìjà lọ. Nígbà tó wá bí èkejì, tí ìyá rẹ̀ ti lọ bá a wẹ ọmọ, Àrìnpé fúnra rẹ̀ ló pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi," ni ó wí, "mo fẹ́ kí ẹ wá síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó lè bá yín dá ọtí dúró, ẹ kò ní fọwọ́ kan ọmọ yìí. Ẹ má bínú sí mi."

Kòkúmọ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ó fẹ́ gbé ọmọ, ọmọ gidi, tó ní orí àti ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹnu kan ọtí mọ́. Oògùn tí nọ́ọ̀sì fún un láti fi mú ara balẹ̀ ló ń lò. Àárọ̀ Sátidé yẹn gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ náà ń pàdé, ní àsìkò tí ọ̀mùtí máa ń wá ìfọyín, nítorí ìgbà náà ni ọ̀nà ọ̀fun máa ń yún wọn jù. Nọ́ọ̀sì kò mọ ilé tí wọ́n ń lò. Ó ní wọn kì í gbé pátákó síta, pé kí ó dé Ìlaròó, kí ó béèrè.

Ó ra ṣínáàpù náà kalẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn ìyá àgbà kan nílé kejì, ìyá tí kì í jẹ́ kí eṣinṣin wọ yàrá òun, kí ọwọ́ òun Kòkúmọ́ má baà tó o lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbà á padà, ó gun ọ̀kadà, ó di Ìlaròó.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi kan igi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi dínà.

"Bàbá, kí lẹ há sábíyá yẹn?"

"Ṣínáàpù ni, ọ̀gá."

"Láti Kútọnu?"

"Ká má rí i! Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlobì ni mo ti rà á."

"Níbo lẹ ń gbé e lọ láàárọ̀ kùtù báyìí?"

"Sípàdé àwọn tó ti fi ọtí sílẹ̀."

Ọ̀gá náà wò ó, ó wo ìgò, ó tún wò ó. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ó wá gbọ́. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ tún un sọ." Kòkúmọ́ tún un sọ. Ẹnìkejì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú. Ọ̀gá ní láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè, òun ti gbọ́ irọ́ oríṣiríṣi: òun ti rí ẹni tó gbé ìrẹsì sínú pósí tó ń sunkún tẹ̀lé e, òun ti rí aboyún tó jẹ́ pé ẹ̀wà ni oyún rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ bàbá yìí ló dára jù, kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún un. Bí wọ́n ṣe ṣí ọ̀nà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì dun Kòkúmọ́. Ọjọ́ kan tó sọ òótọ́ pọ́ńbélé, wọ́n fi í jẹ ọ̀gá àwọn òpùrọ́.

Ó dé Ìlaròó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè ọ̀gbẹ́ni o: "Ẹ jọ̀wọ́, àwọn kan wà tí wọ́n ń pàdé ní bòńkẹ́lẹ́ láàárọ̀ Sátidé, níbo ni wọ́n ń wọ̀?" Háà! Ní ìgbà tí wọ́n ti ẹnubodè! Ní ìlú tó jẹ́ pé bí ọmọ rẹ bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì, ìwọ a fọwọ́ bò ó lẹ́nu! Àgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, tó wọ agbádá, tó ń wá àwọn tí ń pàdé ní bòńkẹ́lẹ́: bí kì í bá ṣe ìnfọ́mà àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ni ì bá jẹ́?

Obìnrin oníbúrẹ́dì kan ní òun kì í ṣe ará àdúgbò náà, bẹ́ẹ̀ ni pátákó tó gbé orúkọ rẹ̀ àti ti àdúgbò náà wà lẹ́yìn orí rẹ̀ gan-an. Ọkùnrin kan tó ń fọ ẹnu lójúde gbé ife rẹ̀, ó wọlé pẹ̀lú ìfófòó lẹ́nu, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún ti fèrèsé. Mẹkáníìkì kan nawọ́ sí apá òkè, ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ kí i pé ó dàbọ̀. Kòkúmọ́ dúró sí oríta, oòrùn ti ń yọ. Bí ìpàdé yìí bá kọjá, ojú wo ni yóò fi wo Àrìnpé?

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí i lọ́kàn. Ta ni yóò mọ ẹni tí kò mutí mọ́, bí kò ṣe ẹni tó ń tà á?

Kò pẹ́ tó fi rí bùkà Ìyá Ọmọ́délé, torí imú rẹ̀ mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ń to ìgò sórí tábìlì. Òórùn ògógóró gbá Kòkúmọ́ lójú, itọ́ sọ sí i lẹ́nu, ó fi etí agbádá bo imú.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé kíkorò ni kí n bù, àbí ti egbò igi?"

"Màmá, n kò fẹ́ mu. Àwọn oníbàárà yín tí wọn kò wá mọ́ ni mò ń wá."

Ìyá Ọmọ́délé gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jókòó," ni ó wí. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi ni? Wọ́n ti ẹnubodè, sódábì, ògógóró tó ń ti Kútọnu wá, kò wọlé mọ́, mo gba kámú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún wá kó oníbàárà mi lé e! Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá, wọ́n á fi fìlà bojú, bí ẹni pé ojú wọn ni mo mọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ni mo mọ̀! Inú kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi kan ni wọ́n ń wọ̀. Nígbà tí wọ́n bá jáde, ẹsẹ̀ wọn á gún régé. Irú ọtí wo ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì ṣáájú.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹ̀kọ́ náà, Ìyá Ọmọ́délé yọ orí lójú fèrèsé. Àwọn àgbàlagbà ló jókòó sórí àga àwọn ọmọ kékeré, tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, àwòrán ajá àti bọ́ọ̀lù wà lára ògiri lórí wọn, ife ẹ̀kọ mímu sì wà lọ́wọ́ oníkálukú.

"Ẹ̀kọ!" ni ó kígbe. "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀kọ gbígbóná lásán ni wọ́n fi gba oníbàárà lọ́wọ́ mi!"

Àwọn tó wà nínú ilé mọ ohùn yẹn ju ti ìyá tó bí wọn lọ. Òmíràn ki orí bọ abẹ́ tábìlì tí kò gba ọmọ ọdún mẹ́rin. Òmíràn da àpò bo orí. Ẹni tó jókòó síwájú, lórí àga tíṣà, fa fìlà wálẹ̀ dé imú.

Àsìkò yẹn ni Kòkúmọ́ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó gbé ṣínáàpù kalẹ̀ sórí tábìlì tíṣà, ó sì na agbádá rẹ̀ dáadáa.

"Mo kí ẹgbẹ́ o! Èmi Kòkúmọ́, fọkanáísà Ìlobì, ni mo wá wọ ẹgbẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹ kì í gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n ilé ire ni wọ́n bí mi sí. Ẹ gbà á, ẹ fi súre fún mi."

Gbogbo àga sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin kan dá itọ́ mì, wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìta. Ẹni tó wà lórí àga tíṣà rọra tú fìlà lójú.

Bàbá Ìjọ Ọdẹkúnlé ni! Bàbá ọkọ Àrìnpé, ọkùnrin tó fi fótò ìrọ̀rí há ògiri, tó dìde níbi ìsọmọlórúkọ àkọ́kọ́ tó fi Bíbélì bá Kòkúmọ́ sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù.

"Àna mi?" ni Kòkúmọ́ wí.

"Àna mi," ni Bàbá Ìjọ dáhùn.

Wọ́n jọ tẹrí ba láti kí ara wọn, ni orí bá gbá orí. Bàbá Ìjọ fọwọ́ ra iwájú orí rẹ̀. "Ohun tí ojú bá rí níbí, ibí ni ẹnu ń fi í sí," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òfin ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́."

"Mo ti gbọ́," ni Kòkúmọ́ wí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìgò. Ẹnì kan ní kí ẹni tó gbé e wá gbé e padà. Bàbá ọdẹ kan láàrin wọn ní èèwọ̀ ni, ẹrù ìwọlé ẹgbẹ́ kì í bá ẹni tuntun padà sílé. Ó dáa, ta ni yóò lọ dà á nù? "Èmi!" ni ènìyàn bíi méje wí pa pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wọn. Ìyá Ọmọ́délé ti ojú fèrèsé ní kí wọ́n gbé e fún òun, òun yóò bá wọn tà á. "Rárá!" ni gbogbo ilé wí. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láàárọ̀ náà nìyẹn.

Bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe dìde láti sin ìgò kan lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà dá lọ. Bàbá Ìjọ di ọrùn ìgò mú, Kòkúmọ́ di ìdí rẹ̀ mú, àwọn yòókù tẹ̀lé wọn bí ẹni ń sin òkú olówó. Wọ́n ṣí i. Òórùn náà jáde, gbogbo wọn sì mí kanlẹ̀. Ojú wá ń ti ẹni gbogbo, torí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń da ṣínáàpù sílẹ̀ láìsúre. Bàbá ọdẹ kò lè mú un mọ́ra. "Ilẹ̀ o," ni ó bẹ̀rẹ̀, "ilẹ̀ tí a jọ ń tẹ̀, bá wa mu tiwa yìí, kí àwa má mu mọ́."

"Àṣẹ!" ni àwọn kan wí. "Àmín!" ni àwọn kan wí. Bàbá Ìjọ fi "ní orúkọ Jésù" dì í.

Àdúrà náà dùn, ó sì gùn. Kò sí ẹni tó rí òbúkọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òbúkọ náà gbóòórùn ohun tó wà nílẹ̀, ó rí ìdí Kòkúmọ́ tó dí òun lọ́nà, ó sì kàn án. Ìgò fò sókè, ìdajì ṣínáàpù sì tú sára àna méjèèjì láti àyà dé ẹsẹ̀. Òbúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í lá ilẹ̀.

"Ẹ lé e!" ni Bàbá Ìjọ kígbe. "Ṣé kí òun náà tún wá wọ ẹgbẹ́ ni?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ lérí. Ìsọmọlórúkọ! Ó fa Kòkúmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun ṣáájú, kí àwọn ènìyàn má rí wọn pa pọ̀. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Kòkúmọ́ fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń fọn agbádá bó ti ń lọ. Agbádá kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Nígbà tó fi dé ilé àna rẹ̀, àwọn ènìyàn ti kún abẹ́ àtíbàbà. Bàbá Ìjọ ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ sí léèsì funfun gbòò, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀. Ìyá Àrìnpé sáré pàdé ọkọ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, àfi bó ṣe dúró lójijì. Ó di imú. Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀.

Àrìnpé yọ sí wọn pẹ̀lú ọmọ lápá. Ó wo bàbá rẹ̀, imú rẹ̀ sì sọ ohun tó sọ fún un. "Bàbá mi," ni ó wí, "àní lónìí?"

"N kò mu ún, Àrìnpé. Mo ti ibi tí o ní kí n lọ bọ̀. Aṣọ mi ni wọ́n dà á sí."

"Ta ló dà á sí yín láṣọ? Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín?"

Kòkúmọ́ gbé ojú sókè. Bàbá Ìjọ ń wo ilẹ̀, ó ń fi ìka yí etí léèsì. Orúkọ kan péré ni yóò gba Kòkúmọ́ sílẹ̀. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rántí fótò ara ògiri, inú bí i, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ là.

"Mo ti ṣèlérí fún wọn pé n kò ní sọ," ni ó wí.

"Òórùn kì í purọ́, bàbá mi."

"Kì í purọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ tán." Ó yí padà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ènìyàn ń bọ́ bàtà sí.

Pásítọ̀ dá orin sílẹ̀. Wọn kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí Bàbá Ìjọ fi dìde, tó wọlé lọ. Gbogbo ènìyàn rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló lọ. Nígbà tó jáde, òórùn rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀. Ó ti gbé agbádá àárọ̀, tó tutù rinrin, wọ̀ lé léèsì lórí. Pásítọ̀ gbàgbé ẹsẹ orin tó kàn. Bàbá Ìjọ kọjá níwájú gbogbo àlejò, ó lọ jókòó ti Kòkúmọ́ lórí bẹ́ńṣì, láàrin bàtà.

"Àrìnpé," ni ó pè, "wá gbóòórùn èmi náà. Ibi tí bàbá rẹ ti ń bọ̀, ibẹ̀ ni èmi náà ti ń bọ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń lọ. Èmi ni mo ń jókòó síwájú wọn."

Ìyàwó Bàbá Ìjọ fọwọ́ bo ẹnu.

"Fótò ìrọ̀rí tí mo fi há ògiri," ni Bàbá Ìjọ tún wí, "lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, èmi náà ti mu tèmi yó nínú yàrá kí n tó jáde wá fi Bíbélì bá a wí. Mo mọ ilẹ̀kùn tì jù ú lọ ni. Ó lè dárúkọ mi báyìí kí ó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò dárúkọ mi."

Àrìnpé rìn wá, ó kúnlẹ̀ sáàrin bàtà, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì na ọmọ sí bàbá rẹ̀.

Kòkúmọ́ gbà á. Bàbá Ìjọ fi ọwọ́ tirẹ̀ gbè é nísàlẹ̀, bí wọ́n ti jọ di ìgò mú láàárọ̀. Àwọn ènìyàn ń retí kí ó súre, kò súre. Ó kọ́kọ́ ṣí aṣọ náà. Ó wo ojú, ó wo etí méjèèjì, ó fọwọ́ tọ́ imú, ó wá ẹsẹ̀ rí nísàlẹ̀, ó ka ìka rẹ̀. Òórùn bàbá àgbà méjèèjì dé imú ọmọ náà, ó sì sín.

"Ọmọ ni!" ni Kòkúmọ́ kígbe sí gbogbo ilé, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. "Ẹ wá wò ó o! Kì í ṣe ìrọ̀rí!"